Ẹ Mú Àtàǹpàkò Yín Kúrò Lẹ́yìn Kókósẹ̀ Yẹn!

Ẹ dúró ná!

Ẹ̀yin tí ẹ jókòó sórí àpótí yẹn, tí ẹ ká ṣòkòtò dé orúnkún, tí ẹ ń fi àtàǹpàkò tẹ ẹ̀yìn kókósẹ̀ yín, ẹ̀yin ni mò ń bá wí. Ẹ mú ọwọ́ kúrò níbẹ̀.

Ẹsẹ̀ ń dùn yín. Mo mọ̀. Ó ti wú. Ẹnì kan ti sọ fún yín pé ojúkò kan wà lẹ́yìn kókósẹ̀ tí àwọn ará Ṣáínà máa ń fi abẹ́rẹ́ gún, pé bí abẹ́rẹ́ ò bá sí, kí ẹ máa fi ìka tẹ̀ ẹ́, ìrora á lọ. Ẹ ti rí ibẹ̀. Láti ìjẹta lẹ ti ń tẹ̀ ẹ́. Ìrora náà sì ti dín díẹ̀.

Dídín tó dín yẹn gan-an ló ń bà mí lẹ́rù.

Ewu ń bọ̀. Kò jìnnà. Abẹ́ ìka yín ló wà, bí ẹ ṣe ń ka ọ̀rọ̀ yìí.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàpèjúwe ibi tí ẹ ń tẹ̀ náà, kí ẹ má baà rò pé mò ń fọ̀rọ̀ sọ̀kò lásán. Ibi tó jin díẹ̀ ni, láàárín eegun kókósẹ̀ tó yọ sóde àti iṣan gbọọrọ tó so mọ́ gìgísẹ̀ lẹ́yìn. Kunlun ni wọ́n ń pè é ní Ṣáínà. Òkè ńlá kan lọ́dọ̀ wọn ló ń jẹ́ bẹ́ẹ̀. Wọ́n ní ìlà kan wà lára èèyàn tó jẹ́ ti àpò ìtọ̀. Ìlà náà bẹ̀rẹ̀ ní igun ojú lẹ́gbẹ̀ẹ́ imú, ó gba àtàrí kọjá, ó gba ọrùn, ó gba ẹ̀yìn, ó sọ̀ kalẹ̀ dé ọmọ-ìka ẹsẹ̀. Ojúkò 67 ló wà lórí rẹ̀. Kunlun ni nọ́ńbà 60. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń gún ẹsẹ̀ nítorí orí fífọ́, nítorí ọrùn gígan, nítorí ẹ̀yìn ríro, àti nítorí kókósẹ̀ tó wú.

Ìmọ̀ àtayébáyé ni. Lọ́dún 2008, Àjọ Ìlera Àgbáyé tẹ ìwé kan jáde tó to ojúkò 361 lẹ́sẹẹsẹ, níbi tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wà lára èèyàn. Kunlun wà níbẹ̀.

Èmi ò bá ìmọ̀ wọn jà. Ẹ gbọ́ ìyẹn dáadáa. Ẹni tó kọ́ iṣẹ́ abẹ́rẹ́ yìí lójúlówó máa ń bi aláìsàn ní ìbéèrè, á wo ahọ́n rẹ̀, á gbọ́ bí iṣan ọwọ́ rẹ̀ ṣe ń lù, kó tó fa abẹ́rẹ́ yọ. Ẹ̀yin ńkọ́? Ta ló yẹ̀ yín wò? Ìbéèrè wo lẹ bi ara yín? Ẹ kàn rí ojúkò, ẹ ti ìka bọ̀ ọ́.

Èmi náà ṣe é. Ẹ jẹ́ kí n tú ara mi fó.

Òjò ló rọ̀ lọ́jọ́ náà. Mo sọ̀ kalẹ̀ lórí ọ̀kadà, ẹsẹ̀ mi tẹ etí gọ́tà, ó sì yí sínú. Ohun kan dún, “kẹ́”. Àwọn tó wà nítòsí ní “pẹ̀lẹ́”, mo ní kò sí nǹkan kan. Mo tiro délé. Lálẹ́, ọ̀rẹ́ mi kan fi ojúkò yẹn hàn mí. Mo fi òróró pa ẹsẹ̀ náà, mo ti àtàǹpàkò bọ kòtò ẹ̀yìn kókósẹ̀, mo ń kà á: ení, èjì, títí dé ọgọ́ta. Mo tú u sílẹ̀. Mo tún bẹ̀rẹ̀. Ó kọ́kọ́ ta mí dé àyà, lẹ́yìn náà ó ń kú díẹ̀díẹ̀, bí iná tí wọ́n da yẹ̀pẹ̀ lé lórí. Inú mi dùn. Mo sọ fún ìyàwó mi pé owó ilé ìwòsàn ti di owó ìrẹsì.

Ọjọ́ mẹ́sàn-án ni mo fi ṣe bẹ́ẹ̀. Láàárọ̀ ìgbà mẹ́ta, lálẹ́ ìgbà mẹ́ta. Mò ń tiro lọ síbi iṣẹ́, mò ń tiro bọ̀. Lọ́jọ́ kẹsàn-án, bàtà kọ̀, kò gba ẹsẹ̀ mọ́. Ìyàwó mi ò bá mi sọ nǹkan kan. Ó kàn pe ọkọ̀.

Nọ́ọ̀sì tó gbà wá wọlé ní, “Bọ̀dá, ẹ dìde, ẹ gbé ìgbésẹ̀ mẹ́rin kí n rí i.” Mo gbé méjì. Ẹ̀kẹta kọ̀. Dókítà, ọmọbìnrin kan tí kò tí ì pé ọgbọ̀n ọdún, ló wá mú ẹsẹ̀ mi lé orí itan rẹ̀. Ìka rẹ̀ bọ́ sínú kòtò kan náà tí mo ti ń tẹ̀ láti ọjọ́ mẹ́sàn-án. Mo ní, “Ibẹ̀ gan-an ni mò ń tẹ̀, dókítà. Ibẹ̀ ló ń bá mi dá a dúró.” Kò dá mi lóhùn. Ó sún ìka rẹ̀ síwájú, kò ju ìbú ìka kan lọ, ó kúrò lórí ẹran, ó gun orí eegun. Ó tẹ̀ ẹ́.

Igbe tí mo ké, àwọn tó wà níta gbọ́ ọ.

Nígbà tí wọ́n gbé fọ́tò X-ray sójú iná, n kò nílò kí ẹnikẹ́ni ṣàlàyé fún mi. Ìlà dúdú kan, tẹ́ẹ́rẹ́ bí irun orí, ló là á kọjá nísàlẹ̀ eegun òde. Ọjọ́ mẹ́sàn-án ni mo fi ń rìn lórí eegun tó ti ṣẹ́. Ọjọ́ mẹ́sàn-án ni mo fi ń ya iṣan tó yí i ká nípá láìmọ̀. Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ni sìmẹ́ńtì funfun fi wà lẹ́sẹ̀ mi. Títí di òní, bí òjò bá ń ṣú, ẹsẹ̀ yẹn ló máa ń kọ́kọ́ sọ fún mi.

Ẹ ti rí ohun tí mò ń sọ? Ìbú ìka kan!

Lọ́dún 1992, ní ìlú Ottawa ní Kánádà, dókítà Ian Stiell àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé ìlànà kan jáde fún ẹni tó bá fi kókósẹ̀ rọ́. Ìlànà náà ti kárí ayé. Dókítà á fi ìka tẹ etí ẹ̀yìn eegun kókósẹ̀, láti ṣóńṣó rẹ̀ nísàlẹ̀ lọ sókè ní sẹ̀ǹtímítà 6, lóde àti nínú. Bí eegun bá ń dun aláìsàn níbẹ̀ tí wọ́n tẹ̀ ẹ́, X-ray ni. Bí aláìsàn ò bá lè gbé ìgbésẹ̀ mẹ́rin nígbà tó farapa, tí kò sì lè gbé e nígbà tó dé ọ̀dọ̀ dókítà, X-ray ni. Eegun méjì míì wà lára ẹsẹ̀ fúnra rẹ̀ tí wọ́n máa ń tẹ̀: ọ̀kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ òde, níbi tí eegun tó lọ sí ọmọ-ìka ti bẹ̀rẹ̀, èkejì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ inú, níwájú kókósẹ̀.

Ẹ wá fi ara balẹ̀ wò ó. Etí ẹ̀yìn eegun kókósẹ̀ òde. Ta ni aládùúgbò rẹ̀? Kunlun! Ibi tí wọ́n ní kí ẹ tẹ̀ kí ìrora lè dákẹ́, ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ni dókítà ń tẹ̀ kí ìrora lè sọ̀rọ̀. Ẹ ti pa ẹlẹ́rìí lẹ́nu mọ́ kí adájọ́ tó jókòó.

Ẹ sì má sọ fún mi pé, “Bó bá ṣẹ́ ni, n kò ní lè tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀.” Mo tẹ tèmi mọ́lẹ̀. Ọjọ́ mẹ́sàn-án.

Eegun ṣì kéré. Ohun tó wà lẹ́yìn ọ̀fà ju òje lọ.

Ẹ̀yin aláboyún, ẹ sún mọ́ mi. Tiyín ló ń lé oorun lójú mi jù.

Mo ti ní wọ́n máa ń gún Kunlun nítorí orí fífọ́. Mo ti ní wọ́n máa ń gún un nítorí kókósẹ̀ wíwú. Ẹ wá wo obìnrin tí oyún rẹ̀ ti kọjá ọ̀sẹ̀ 20. Ẹsẹ̀ rẹ̀ wú. Orí ń fọ́ ọ láti àná, paracetamol ò ràn án. Ó ń rí nǹkan bí ìràwọ̀ kéékèèké lójú. Ẹnì kan ní, “Àǹtí, ojúkò kan wà tó wà fún méjèèjì!” Inú rẹ̀ dùn. Ó nasẹ̀, wọ́n ń bá a tẹ̀ ẹ́.

Obìnrin yẹn ò nílò kí ẹnikẹ́ni tẹ òun lẹ́sẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ ríru inú oyún ló ń kan ilẹ̀kùn rẹ̀. Bí wọ́n bá so aṣọ ìwọnfúnpá mọ́ ọn lápá, ẹ máa rí 140 lórí 90, tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Bí wọ́n bá yẹ ìtọ̀ rẹ̀ wò, ó ṣeé ṣe kí wọ́n rí èròjà purotéènì níbẹ̀. Ohun tó lè tẹ̀ lé e ni gìrì. Gìrì aláboyún kì í fún èèyàn láyè kó palẹ̀ mọ́. Á gbé e ṣánlẹ̀ ní bálùwẹ̀, á gbé e ṣánlẹ̀ ní ìdí àdògán. Ìyá lè kú. Ọmọ lè kú. Oògùn tó ń dá a dúró wà ní ilé ìwòsàn, magnesium sulphate lorúkọ rẹ̀, ṣùgbọ́n ẹni tó bá dé ibẹ̀ ló lè rí i gbà.

Ẹ tún gbọ́ èyí. Àwọn ará Ṣáínà tó ni Kunlun fúnra wọn kì í gún un fún aláboyún! Ìgbà tí ìrọbí bá le ni wọ́n máa ń lò ó. Bẹ́ẹ̀ náà ni èyí tó wà lókè kókósẹ̀ inú, ní ìwọ̀n ìka mẹ́rin, tí wọ́n ń pè ní Sanyinjiao. Àwọn àgbà iṣẹ́ náà ti kà á léèwọ̀ fún olóyún láti ayébáyé. Ẹni tó fi ojúkò náà hàn yín, ṣé ó sọ èyí fún yín? Kò sọ. Kò mọ̀.

Ojúkò kan náà: ó bá orí fífọ́ yín mu, ó bá ẹsẹ̀ wíwú yín mu, kò sì bá oyún yín mu.

Ẹ̀yin ìyá ọkọ, ẹ̀yin ìyá ìyàwó, mo mọ ohun tí ẹ fẹ́ sọ. “Ẹsẹ̀ olóyún ló máa ń wú, a ti bímọ rí.” Òótọ́ ni, ó máa ń wú. Nítorí pé ó máa ń wú yẹn ni ewu fi ń rí ibi sá pamọ́ sí. Ẹ wọn ẹ̀jẹ̀ rẹ̀. Kò gbà ju ìṣẹ́jú mélòó kan lọ. Bí ẹ bá wọ̀n ọ́n tí kò sí nǹkan kan, ẹ wá pè mí ní ojo.

Ẹsẹ̀ kan ló wú ni, àbí méjèèjì? Ẹ dáhùn. Ẹ má wojú mi. Ẹ wo ẹsẹ̀ yín.

Bó bá jẹ́ méjèèjì, tó ń wú ní ìrọ̀lẹ́, tí kòtò ń dúró níbi tí ẹ tẹ̀, tí ẹ sì ń mí gúlegúle bí ẹ bá gun àtẹ̀gùn, kókósẹ̀ kọ́ ló ń ṣe yín. Ọkàn lè jẹ́. Kíndìnrín lè jẹ́. Ẹ̀dọ̀ lè jẹ́. Omi ló ń sọ̀ kalẹ̀ síbẹ̀ nítorí pé ẹsẹ̀ ló wà nísàlẹ̀. Ẹni tó ń tẹ kókósẹ̀ nítorí ọkàn tó ń rẹ̀ dà bí ẹni tó ń nu ilẹ̀ nígbà tí òrùlé ń jò.

Bó bá jẹ́ ẹsẹ̀ kan, tó wú láti kókósẹ̀ gun ẹ̀yìn ojúgun lọ, tó gbóná, tó ń ro bí ẹni pé iṣan ká, ẹ má tẹ̀ ẹ́. Ẹ má wọ́ ọ. Ẹ má fi róòbù pa á. Ẹ̀jẹ̀ lè ti dì nínú iṣan. Ó máa ń ṣẹlẹ̀ sí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣe iṣẹ́ abẹ, sí abiyamọ tuntun, sí ẹni tó ti dùbúlẹ̀ pẹ́. Ó máa ń ṣẹlẹ̀ sí ẹni tó jókòó gan sójú kan nínú ọkọ̀ òfurufú. Lọ́dún 2007, Àjọ Ìlera Àgbáyé kéde pé ìrìn àjò tó bá ti tó wákàtí 4 sókè, tí èèyàn jókòó láìdìde, ń sọ ewu yìí di ìlọ́po méjì. Láti Lọ́ńdọ̀nù sí Èkó, ó ju wákàtí 6 lọ. Ẹ̀yin ọmọ wa tó ń bọ̀ wálé fún òkú, fún ìgbéyàwó, tí ẹ sọ̀ kalẹ̀ ní Ìkẹjà tí ẹ tún kó sínú mọ́tò lọ sí Adó tàbí Ògbómọ̀ṣọ́, ẹ̀yin ni mò ń wò. Ẹ délé, ẹsẹ̀ òsì wú. Ẹ̀gbọ́n yín ní, “Wá, jẹ́ n bá ẹ wọ́ ọ.” Ẹ̀jẹ̀ dídì náà já. Ó gba inú iṣan lọ sókè. Ó dé ẹ̀dọ̀fóró. Èémí kò délẹ̀ mọ́. Ẹni tó wá sin òkú di ẹni tí wọ́n ń sin.

Kí ló tún kù tí mo máa sọ kí ẹ tó gbọ́?

Ẹ̀yin tí ẹ ní àtọ̀gbẹ. Àrùn yín máa ń jí ìmọ̀lára ẹsẹ̀ kó lọ, débi pé èèyàn á tẹ ìṣó, á sì rìn dé ọjà kó tó mọ̀. Nítorí náà, gbogbo ohun tí mo sọ nípa ìrora lókè yẹn, ẹ má gbọ́kàn lé e. Eegun yín lè ṣẹ́ kó má fi bẹ́ẹ̀ dùn yín. Ẹ fi ẹ̀yìn ọwọ́ kan kókósẹ̀ ọ̀tún, ẹ fi kan òsì. Bí ọ̀kan bá gbóná ju èkejì lọ, tó sì wú, eegun inú rẹ̀ lè máa rún lọ bí ẹ ṣe ń rìn lórí rẹ̀. Ẹ má tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ mọ́. Ọ̀dọ̀ dókítà ni, lónìí. Ojúkò kan tún wà lẹ́yìn kókósẹ̀ inú, Taixi lorúkọ rẹ̀. Bí ẹ bá fi ìka lé e jẹ́jẹ́, ẹ máa gbọ́ iṣan ẹ̀jẹ̀ tó ń lù. Dókítà máa ń wá ìlù yẹn lẹ́sẹ̀ alátọ̀gbẹ, kó lè mọ̀ bóyá ẹ̀jẹ̀ ń dé ìsàlẹ̀. Ẹ̀yin fẹ́ máa fi abẹ́rẹ́ wá a kiri! Ihò abẹ́rẹ́ di egbò. Egbò jẹrà. Ọmọ-ìka ni wọ́n máa ń kọ́kọ́ gé.

Ẹ̀yin òbí ọmọ tó ní fòníkú-fọ̀ladìde. Orílẹ̀-èdè wa ni wọ́n ti ń bí ọmọ tó ní àrùn yìí jù lọ láyé, nítorí náà mo mọ̀ pé ẹ pọ̀ tí ẹ ń kà mí. Ẹ mọ ibi tí egbò wọn máa ń yọ sí. Ẹ̀bá kókósẹ̀ ni, pàápàá ẹ̀gbẹ́ inú. Ẹ mọ ohun tó máa ń bẹ̀rẹ̀ rẹ̀: ẹ̀fọn jẹ ẹ́, ó yún un, ó họ ọ́. Ẹ sì mọ iye oṣù, iye ọdún nígbà míì, tí egbò náà ń gbà kó tó san. Ẹ wá fẹ́ kí ẹnì kan fi abẹ́rẹ́ lu ibẹ̀? Bí eegun bá ń ro ọmọ yẹn, ó lè jẹ́ ìrora tí ẹ ti mọ̀ tẹ́lẹ̀. Ó sì lè jẹ́ pé kòkòrò àrùn ti wọ inú eegun. Ìka ò lè mọ ìyàtọ̀. Àyẹ̀wò ní ilé ìwòsàn ló lè mọ̀ ọ́n.

Kókósẹ̀ tó gbóná, tó wú, pẹ̀lú ibà àti òtútù? Kò sí àríyànjiyàn níbẹ̀. Ọyún lè ti wà nínú oríkèé. Láàárín ọjọ́ mélòó kan, ó ti ba a jẹ́ kọjá àtúnṣe. Alẹ́ yìí ni kí ẹ lọ, ẹ má dúró kí ilẹ̀ mọ́.

Ẹ̀yin tí ẹ sì ń ra ciprofloxacin ní kẹ́míìsì bí ẹni ra súìtì, torí inú rírun, torí taifọ́ọ̀dù tí ẹnikẹ́ni ò yẹ̀ wò. Láti ọdún 2008 ni àjọ tó ń mójú tó oògùn ní Amẹ́ríkà ti ní kí wọ́n tẹ ìkìlọ̀ tó lágbára jù mọ́ ọn, pé ó lè mú kí iṣan gìgísẹ̀ wú, kó sì já. Ẹ lò ó, ẹ̀yìn gìgísẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í dùn yín, ẹ wá ń ti àtàǹpàkò bọ ẹ̀gbẹ́ iṣan kan náà. Ẹ dá oògùn náà dúró, kí ẹ sì pe ẹni tó mọ̀ nípa rẹ̀. Bó bá já, ẹ máa rò pé ẹnì kan ló ta yín nípàá látẹ̀yìn. Ẹ máa bojú wẹ̀yìn. Ẹ ò ní rí ẹnikẹ́ni.

Mo ti ń sọ̀rọ̀ ìka láti àárọ̀. Abẹ́rẹ́ ńkọ́?

Abẹ́rẹ́ yìí tẹ́ẹ́rẹ́, kì í fa ẹ̀jẹ̀ lọ títí, ìyẹn ló ń tan èèyàn jẹ. Lọ́dún 1984, ní Rhode Island ní Amẹ́ríkà, èèyàn 35 ló kó àrùn mẹ́dọ̀wú B láti ọwọ́ ẹnì kan ṣoṣo tó ń fi abẹ́rẹ́ yìí ṣe ìtọ́jú. Wọ́n wá wo ìrora sàn. Wọ́n gbé àrùn ẹ̀dọ̀ lọ sílé. Ní Amẹ́ríkà ni o, kì í ṣe ní abúlé tí kò sí omi! Kòkòrò mẹ́dọ̀wú B lè wà láàyè fún ọjọ́ 7, ó kéré tán, lórí ohun tó ti gbẹ. Ojú yín ò lè rí i. Aṣọ tí wọ́n fi nu abẹ́rẹ́ ò lè pa á. Láti ọdún 1996 ni òfin ibẹ̀ ti sọ pé abẹ́rẹ́ yìí gbọ́dọ̀ wà nínú ọ̀rá tí kòkòrò ò wọ̀, kí wọ́n lò ó lẹ́ẹ̀kan, kí wọ́n sì sọ ọ́ nù. Gbogbo ohun tí a ti kígbe nípa abẹ tí wọ́n fi ń sín gbẹ́rẹ́, abẹ́rẹ́ yìí náà ni. Àwa tí a ti ń kọ̀ kí wọ́n fi abẹ ẹlòmíì fá wa lórí, kí ló dé tí a ń na ẹsẹ̀ sílẹ̀ fún abẹ́rẹ́ tí a ò rí ọ̀rá rẹ̀?

Bí wọn ò bá ya ọ̀rá náà lójú yín, ẹ dìde. Ẹ wọ bàtà yín. Ẹ má tijú.

Àwọn kan á ní, “Ṣùgbọ́n ó ṣiṣẹ́ fún ẹ̀gbọ́n mi.” Bóyá. Ẹsẹ̀ tó kàn rọ́ lásán máa ń san bí ọjọ́ ti ń gorí ọjọ́, bí ẹ tẹ̀ ẹ́, bí ẹ ò tẹ̀ ẹ́. Lọ́dún 2014, àwọn olùṣèwádìí Cochrane kó gbogbo ìwádìí tí wọ́n rí nípa abẹ́rẹ́ yìí àti kókósẹ̀ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ rọ́ jọ, wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò. Ẹ̀rí tí wọ́n rí kò lágbára tó ohun tí èèyàn lè gbára lé, yálà láti sọ pé ó ṣiṣẹ́ tàbí pé kò ṣiṣẹ́. Nítorí ohun tí kò dájú lẹ ṣe ń dá ohun tó dájú dúró.

Àwọn míì á ní kò sówó, á ní èrò pọ̀ ní ilé ìwòsàn, á ní àwọn nọ́ọ̀sì ń jágbe mọ́ni. Ní tèmi, òótọ́ ni gbogbo rẹ̀, n kò ní bá yín jiyàn. Mo sì ti san iye tí mo sá fún, mo tún san jù bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí eegun tó ti ṣẹ́ fún ọjọ́ mẹ́sàn-án gba ìtọ́jú ju èyí tó ṣẹ́ lánàá. Àìtètè mólè, olè ń mólóko.

N kò ní kí ẹ má fọwọ́ kan ẹsẹ̀ yín títí ayé. Bí wọ́n bá ti yẹ̀ yín wò, tí eegun dá ṣáká, tí ẹ̀jẹ̀ ò dì, tí kò sí ibà, tí kò sí oyún, tí ṣúgà ò pọ̀ jù nínú ẹ̀jẹ̀, ẹ tẹ Kunlun tó bá wù yín. Ẹ tẹ̀ ẹ́ kí ilẹ̀ ṣú, kí ilẹ̀ mọ́. Lẹ́yìn àyẹ̀wò ni mo wí. Kì í ṣe ṣáájú. Kì í ṣe dípò.

Ó ku ohun kan ṣoṣo tí mo fẹ́ kí ẹ ṣe fún mi, kí ẹ tó gbé ìwé yìí sílẹ̀.

Ẹ dìde lórí àpótí yẹn. Ẹ má di ògiri mú. Ẹ gbé ìgbésẹ̀ mẹ́rin: ọ̀kan, méjì, mẹ́ta, mẹ́rin. Bí ẹ̀kẹrin bá kọ̀, ẹ jókòó padà, ẹ gbé ẹsẹ̀ náà lé ìrọ̀rí, kí ẹ sì ní kí ọmọ yín lọ pe ọkọ̀.

Ó yá. Mò ń wò yín. Ẹ dìde.